Oníbodè Tí Kò Ní Bodè Mọ́

Ní ọjọ́ tí wọ́n wó bodè ìlà-oòrùn, Oníbodè wọ ẹ̀wù tó dára jù nínú àpótí rẹ̀ lọ síbẹ̀, ẹ̀wù funfun tó gùn dé kókósẹ̀. Ó dé fìlà aró, ó sì mú ọ̀pá iṣẹ́ rẹ̀ dání bí ẹni pé iṣẹ́ ṣì wà. Ogun ti parí. Àwọn àjòjì tó bá wọn parí rẹ̀ sọ pé ìlú tó ti wà lálàáfíà kò nílò odi mọ́, ọba sì ti tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn láàfin níwájú àwọn ìjòyè tí wọ́n ń wo ilẹ̀. Ogún ọkùnrin ló fi okùn fa ilẹ̀kùn bodè náà. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì wó. Eruku bo gbogbo wọn. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ọ̀nà kàn wà níbẹ̀ gbalasa, kò sóhun tó dá a dúró.

Oníbodè lọ bá ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ni yóò máa bi àwọn tó ń wọlé pé níbo ni wọ́n ti ń bọ̀?"

"Baba, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n mọ́," ni ọkùnrin náà fèsì. "Ẹni tó bá wù ló ń wọlé báyìí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Oníbodè wí, ó sì yí padà sílé. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ṣọ́ ibẹ̀.

Ilé rẹ̀ wà ní òpópó àwọn ahunṣọ, yàrá kan nínú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú sójú ogun. Opó ẹ̀gbọ́n náà ni gbogbo òpópó ń pè ní Ìyá Aláró. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, kò sì sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ mọ́. Oníbodè ti wà nínú ilé náà kí wọ́n tó gbé e wọlé níyàwó, nítorí náà "ọkọ mi" ló máa ń pè é, òun náà a sì máa pè é ní "ìyàwó", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àwọn méjèèjì ti ń funfun. Ìgbà mìíràn wà tí wọn kì í sọ̀rọ̀ mìíràn ju ìyẹn lọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọdún kẹta lẹ́yìn tí bodè wó ni olè bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní òpópó náà. Kì í ṣe olè òru, nítorí lóru gbogbo ènìyàn wà nílé, ajá sì wà níta. Ọ̀sán gangan ni olè yìí ń wá, ní wákàtí tí àwọn kan ti gbé aṣọ lọ sọ́jà, tí àwọn tó kù sì wà nídìí òfì lẹ́yìnkùlé, tí ariwo òfì ń bo gbogbo ariwo mìíràn mọ́lẹ̀. Wọ́n kó ìdì òwú mẹ́ta nílé kan. Nílé kejì, wọ́n gbé àpótí aṣọ ọmọge kan tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó relé ọkọ. Nílé kẹta, wọ́n bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ìyá arúgbó kan lójú oorun. Ìyá náà kò sunkún nítorí ìlẹ̀kẹ̀. Ohun tó ń tún sọ ni pé ọwọ́ àjèjì ti kan ọrùn òun, òun kò sì mọ̀.

Olórí òpópó pe ìpàdé sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ahunṣọ àgbà ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nídìí òfì. Àwọn ènìyàn jókòó sáàárín okùn òwú tí wọ́n ta láti ògiri dé ògiri, wọ́n ń tẹ orí ba kí wọ́n lè rí ojú ara wọn. Oníyọ̀ ló kọ́kọ́ dìde. Oníṣòwò iyọ̀ ni, òun nìkan ni kì í hunṣọ nínú wọn, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ.

"Nígbà tí odi wà, a mọ ẹni tó wọlé. Ní báyìí, ìlú ti di ìkòkò tí kò ní ọmọrí, ohun tó bá wu eṣinṣin ló ń ṣe nínú rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá àwọn ọlọ́pàá ìjọba," ni ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn.

"Àwọn wo?" ni Olórí béèrè. "Àwọn mẹ́jọ tí wọ́n kó wá láti ìlú òkèèrè, tí wọn kò gbọ́ èdè wa? Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọ òpópó yìí láti ṣọ́ ọ, àwa ni wọ́n máa ṣọ́."

Obìnrin arànwú kan wá ní, "Ọkọ Ìyá Aláró kúkú jókòó sílé lásán. Ẹni tó fi ogún ọdún ó lé wo ojú ènìyàn, ṣé ó lè gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wò ó?"

Gbogbo ojú yí sí Oníbodè.

"Mo máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ máa sọ fún mi bí ẹ bá ń jáde, nítorí mi ò lè ṣọ́ ohun tí mi ò mọ̀."

"Àbí ká máa tọrọ ààyè lọ́wọ́ yín ká tó lọ tọ̀?" ni Oníyọ̀ wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ìyá Aláró ló wá mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Òun yóò rẹ àkísà kan láró fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà tàbí sí ìrìn àjò, tí ilé rẹ̀ yóò ṣófo, kó so ó mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, kí Oníbodè lè mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kóun gba ibẹ̀ kọjá.

"Olè ńkọ́?" ni Olórí béèrè. "Kò ní rí i?"

"Baba, aró ẹ̀ẹ̀mẹta ni màá fi rẹ̀ ẹ́. Lójú ẹni tí kì í ṣe ará òpópó yìí, àkísà ni àkísà ń jẹ́. Àwa nìkan la mọ aró ẹ̀ẹ̀kan yàtọ̀ sí aró ẹ̀ẹ̀mẹta."

Òótọ́ ni. Kò sí ọmọ òpópó náà tí kò lè fi ojú mọ iye ìgbà tí aṣọ wọ inú ìkòkò aró. Inú wọn dùn sí ìmọ̀ràn náà, nítorí ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ni.

Bí Oníbodè ṣe di olùṣọ́ òpópó nìyẹn. Láti ìgbà tí ìrì bá ti gbẹ ni yóò ti máa rìn lọ rìn bọ̀, ọ̀pá rẹ̀ yóò máa kan òkúta ilẹ̀, tí àwọn ahunṣọ fi ń sọ pé òun ni òfì kan ṣoṣo tí kì í já okùn. Yóò dúró lẹ́nu ilé, yóò kí wọn, yóò béèrè ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, yóò kọjá. Fún oṣù mẹ́rin, abẹ́rẹ́ kò sọ nù. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ padà: ilé kan, ilé kejì, ilé kẹta, gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ tí ilé ṣófo. Ẹ̀kẹrin ni ti Oníyọ̀. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ lọ ra iyọ̀ létí òkun fún ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n dé, aṣọ àrán ìyàwó rẹ̀ ti lọ, ẹ̀gbà fàdákà ìyá rẹ̀ ti lọ, kò sì sí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n já.

Oníyọ̀ dúró láàárín òpópó ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

"Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ta ló mọ̀ pé mi ò sí nílé? Ẹni kan ṣoṣo ni. A fi ológbò ṣọ́ ẹja, a wá ń wá ẹja."

"Ṣé èmi lẹ̀ ń bá wí?" ni Oníbodè béèrè.

"Bí kì í bá ṣe yín, ẹ sọ ẹni tó jẹ́. Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣọ́ wa."

Oníbodè wo àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó sọ pé Oníbodè ló jalè, kò sì sẹ́ni tó sọ pé Oníbodè kọ́. Èyí ló dùn ún jù lára ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ fún Ìyá Aláró lẹ́yìn náà nínú túbú. "Àwọn ọlọ́pàá tí Oníyọ̀ pè ń tú àpótí mi. Ìyẹn kò burú, iṣẹ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará wa ń na ọrùn, wọ́n ń wò ó bóyá nǹkan tiwọn máa yọ níbẹ̀."

Nǹkan ẹnikẹ́ni kò yọ níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ọlọ́pàá mú un lọ sí túbú. Wọ́n ní lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ni adájọ́ yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn ará òpópó ṣì ń so àkísà, nítorí ó ti mọ́ wọn lára.

Ní ọjọ́ keje, Ìyá Aláró wà nídìí ìkòkò aró rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí obìnrin tó ń pọn omi tà ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òpópó. Ilé dé ilé ló ń dúró sí, tó ń polówó. Nígbà tó dé ilé arànwú tó ti lọ sọ́jà, ó kọjá lọ láìsọ ohunkóhun.

"Ọmọ mi, o fo ilé kan," ni Ìyá Aláró wí.

"Mi ò fò ó, Ìyá. Kò sẹ́nìkan níbẹ̀."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Obìnrin náà rọra yí padà pẹ̀lú ìkòkò lórí, ó sì fi ẹnu júwe ilẹ̀kùn.

"Àkísà ti wà níbẹ̀. Ìyá, ọrùn mi ló ń ru omi yìí. Ṣé kí n tún fi ọ̀fun ṣòfò síbi tí kò sẹ́ni tó máa dáhùn? Gbogbo àwa tá à ń kiri la mọ̀. Onígi mọ̀, ẹlẹ́pọ mọ̀, ọkùnrin tó ń pọ́n ọ̀bẹ mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. A rò pé nítorí tiwa lẹ ṣe ń so ó, ká má baà máa da ara wa láàmú. A tilẹ̀ máa ń ṣàdúrà fún ẹni tó kọ́kọ́ rò ó."

Ó ní ó dàbọ̀, ó sì lọ. Ìyá Aláró kò kúrò níbi tó wà títí aṣọ tó wà nínú ìkòkò fi gba aró ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó ń kiri kò nílò láti mọ iye ìgbà tí aṣọ wọ aró. Ìpalọ́lọ́ tó ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbàkígbà tí àkísà bá wà níta ni wọ́n kà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ júwe ilé òfìfo fún olè, ọkọ rẹ̀ sì wà nínú túbú.

Ó lọ sọ́dọ̀ Olórí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Olórí gbọ́ ọ tán, ó dá òfì dúró.

"Ta lo tún sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan, Baba."

"Jẹ́ kó mọ síbẹ̀."

Ìyá Aláró wò ó.

"Gbọ́ mi," ni Olórí wí. "Bí adájọ́ àjòjì yẹn bá gbọ́ pé àwa fúnra wa la fi àmì han olè, yóò ní a ò lè ṣọ́ ara wa. Wọ́n ti gba odi. Wọ́n ti gba ẹjọ́ dídá lọ́wọ́ ọba. Òpópó yìí ló kù sí wa lọ́wọ́."

"Ọkọ mi ńkọ́?"

"Oṣù mẹ́fà ni wọ́n máa dá fún un. Bó bá pọ̀ jù, ọdún kan. A ó máa gbé oúnjẹ lọ fún un. Tó bá jáde, gbogbo òpópó la máa lọ pàdé rẹ̀."

"Kí la máa pè é nígbà tá a bá pàdé rẹ̀, Baba? Olè?"

Olórí fi ìka tọ́ okùn kan tí kò já. "Mi ò pàṣẹ fún ọ, Ìyá Aláró. Mo ń bẹ̀ ọ́ ni."

Ìyá Aláró kò tíì gbọ́ kí Olórí bẹ ẹnikẹ́ni rí. Ó gba ibẹ̀ lọ sí túbú, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún Oníbodè láti ẹnu ihò ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ kẹta, nítorí ilẹ̀ túbú tutù.

"Olórí kò parọ́," ló sọ nígbà tó gbọ́ ọ tán.

"Kí ni kí n ṣe, ọkọ mi?"

"Ìyàwó, ìwọ lo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. Mi ò lè rán ọ, mi ò sì lè dá ọ dúró."

Ilé ẹjọ́ tuntun náà jẹ́ gbọ̀ngàn gígùn kan tí wọ́n fi ẹfun kùn. Adájọ́ wọ aṣọ dúdú tó wúwo, òógùn sì ń sọ̀ kalẹ̀ létí rẹ̀. Ògbufọ̀ dúró lápá òsì rẹ̀, ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ẹnu dé ẹnu. Oníyọ̀ ti sọ tirẹ̀ tán nígbà tí Ìyá Aláró dìde, tó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ dúdú méjèèjì sókè kí adájọ́ lè rí wọn.

"Kábíyèsí ilé ẹjọ́, ọwọ́ yìí ló rẹ àkísà náà. Èmi ni mo dá a lábàá. Ohun tí gbogbo ẹni tó ń kiri mọ̀ kì í ṣe àṣírí Oníbodè nìkan. Bí a bá ní ká mú ẹni tó sọ fún olè pé ilé ṣófo, ẹ mú mi."

Adájọ́ béèrè bóyá ẹlẹ́rìí wà. Apọnmi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọlé, ó sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ògbufọ̀ gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń ṣàdúrà fún ẹni tó rò ó. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó sún ẹjọ́ síwájú. Ó ní kí wọ́n so àkísà mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ilé kan, kí ọlọ́pàá méjì jókòó sínú rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, ní ọ̀sán gangan, ọkùnrin tó ń pọ́n ọ̀bẹ ṣí ilẹ̀kùn ilé náà, ó wọlé. Aṣọ àrán ìyàwó Oníyọ̀ ni wọ́n bá nílé rẹ̀, ó fi ṣe ìrọ̀rí. Oníbodè mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ti fún un lómi mu rí. "Mo mọ ojú rẹ̀ jù," ló sọ. "Ìdí nìyẹn tí mi ò fi wò ó."

Adájọ́ dá Oníbodè sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ka ìwé mìíràn: pé àwọn ará òpópó ahunṣọ ti fi hàn pé wọn kò ní ìmọ̀ ìṣọ́, pé kí ìṣọ́ ìbílẹ̀ dópin níbẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ, pé ọlọ́pàá ìjọba ni yóò máa ṣọ́ ọ, pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí tó ń fi ọ̀pá yíde, ó ti ṣẹ̀. Olórí kò wo ẹ̀yìn nígbà tó ń jáde. Kó tó di ìparí oṣù náà, ìdajì àwọn ahunṣọ ti ń gbé òwú wọn lọ sọ́dọ̀ aláró mìíràn lódìkejì ìlú.

Ọlọ́pàá méjì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní òpópó, wọ́n wọ ṣòkòtò penpe àti fìlà pupa. Olè dínkù lóòótọ́. Wọn kì í kí ẹnikẹ́ni, wọn kò sì mọ ẹni tó ń gbé ibì kan. Oníbodè jókòó sínú yàrá rẹ̀, ó ń wúkọ́. Nígbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láti ìlú tó ti lọ́kọ, ó ní òun yóò mú bàbá òun lọ tọ́jú.

Ní àárọ̀ tí wọ́n máa lọ, Oníbodè pe Ìyá Aláró, ó sì jókòó tì í.

"Ìyá tí wọ́n bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, kì í gbọ́ ilẹ̀kùn kíkàn. Láti ojú fèrèsé ni kó o ti máa kí i, kó rí ojú rẹ. Ọmọ ilé igun ti ń rìn báyìí, kànga wọn kò sì ní ìdérí. Ọkọ arànwú máa ń dákú. Bí o kò bá gbọ́ òfì rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọlé."

Ilé dé ilé ló kà fún un. Kò mẹ́nu ba olè nínú gbogbo rẹ̀.

"Ọkọ mi, èmi ni mo lé yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́," ni Ìyá Aláró wí.

"Ìwọ lo yọ mí nínú ẹ̀wọ̀n. Èmi kì í ka ọ̀kan kí n fi ìkejì sílẹ̀." Ó na ọwọ́, ọmọ rẹ̀ sì fà á dìde.

Láti ọjọ́ kejì ni Ìyá Aláró ti ń rìn láti òkè òpópó dé ìsàlẹ̀ láràárọ̀, kó tó ṣí ìkòkò aró rẹ̀. Kò mú ọ̀pá dání. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá dá a dúró, ó fi èdè tí kò já gaara béèrè ohun tó ń wá.

"Mo ń kí wọn ni," ló fèsì. Ọlọ́pàá kò rí òfin tó lòdì sí i.

Oṣù kejì ẹ̀ẹ̀rùn ni ìròyìn dé pé Oníbodè ti kú. Ìyá Aláró gbọ́ ọ, ó wọlé, ó jókòó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó wé gèlè rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè òpópó, ilé dé ilé. Àwọn kan sunkún. Olórí dá òfì dúró, kò sì tún hunṣọ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó bá a dé ẹnu ọ̀nà, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ ẹjọ́, ó ní, "Ẹ kú àmójúbà, Ìyá."

Ilé Oníyọ̀ ló kẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Láti ọjọ́ ẹjọ́, wọn kò tíì bá ara wọn sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ.

"Ọkọ mi ti kú," ni Ìyá Aláró wí.

Ohùn ńlá Oníyọ̀ ti rọlẹ̀. "Kó tó lọ," ló béèrè, "ṣé ó sọ nǹkan kan nípa mi?"

Ìyá Aláró ronú kó tó dáhùn, nítorí Oníbodè ti sọ pé kó má sọ ọ́.

"Ó ní ẹ máa ń gbàgbé láti fi igi há ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yín, pàápàá bí ẹ bá ń kánjú ìrìn àjò. Ó ní òun a máa yí òkúta tì í fún yín láti ìta. Ó ní kí n máa bá òun ṣe é, kí n má sì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, kí ojú má baà tì yín. Mo ń ṣe é láràárọ̀."

Oníyọ̀ yí padà, ó gba inú ilé kọjá lọ sí ẹ̀yìn. Ìyá Aláró gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dúró. Ó retí kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún bí ó bá tì í. Kò dún: Oníyọ̀ kò tì í, òkúta náà ṣì wà níbi tó wà. Ìyá Aláró kí ilé náà pé ó dàárọ̀, ó sì ń lọ.